The Thief (1952): fíìmù amí tí ẹnikẹ́ni kò ti la ẹnu sọ̀rọ̀

Ohun kan wà tó máa ń dàrú mọ́ àwọn tó bá kọ́kọ́ gbọ́ nípa fíìmù yìí lójú: wọ́n á rò pé fíìmù aláìlóhùn ni, irú ti àwọn ọdún 1920. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ó gbọ́ tẹlifóònù, ẹ ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀kùn, mọ́tò, ariwo ìgboro. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni kò sí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 86 ni, kò sì sí ẹni tó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo níbẹ̀. Russell Rouse ló darí rẹ̀, òun àti Clarence Greene ló jọ kọ ọ́.

Ray Milland ni Allan Fields, onímọ̀ físíìsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Atomic Energy Commission, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó agbára átọ́míìkì, ní Washington, tó ń ya fọ́tò ìwé àṣírí fún ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan tí fíìmù náà kò dárúkọ. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọdún tó jáde sọ́kàn. Ní 1949 ni Soviet dán bọ́ǹbù átọ́míìkì tiwọn wò; ní 1950 ni wọ́n mú Klaus Fuchs, onímọ̀ físíìsì tó fi àṣírí bọ́ǹbù náà ránṣẹ́ sí Soviet, ní Britain; ní 1951 ni wọ́n dájọ́ ikú fún Julius Rosenberg àti ìyàwó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lórí ẹ̀sùn amí, wọn kò sì tíì pa wọ́n nígbà tí fíìmù yìí dé sinimá. Òǹwòran ìgbà yẹn ti mọ ohun tó wà nínú ìwé tí Fields ń jí. Àwa tí a ń wò ó lónìí la ní láti rán ara wa létí.

Ìdajì àkọ́kọ́ ló dára jù. Tẹlifóònù á dún, á dákẹ́, á tún dún. Fields kò ní gbé e, torí dídún rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ tí wọ́n fi rán sí i. Ó jáde lọ, ọ̀gbẹ́ni Bleek (Martin Gabel), amí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, sọ páálí sìgá tó ti rún mọ́wọ́ sílẹ̀, Fields mú un: àrokò pọ́ńbélé. Lẹ́yìn náà ló wọ ọ́fíìsì, ó tẹ́ ìwé sábẹ́ iná, ó yà á, ó ṣí ojú ìwé, ó tún yà á, etí rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Fíìmù kékeré tó fi yà á á wá máa ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíì, títí mọ́tò fi gbá ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé e ní New York. Ẹrù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni FBI, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn náà.

Ní gbogbo apá yìí, ìdákẹ́jẹ́ bá iṣẹ́ mu, nítorí amí tó ń sọ̀rọ̀ níbi tó ti ń jalè kò ní pẹ́ wọ ẹ̀wọ̀n. Ojú lọ̀rọ̀ wà, Milland sì mọ bí a ṣe ń fi ojú, èjìká àti ọwọ́ ṣiṣẹ́. Ẹni tó ti gba Oscar fún ipa ọ̀mùtí ní The Lost Weekend, fíìmù 1945, ni.

Nígbà tí Fields sá lọ sí New York, tó fara pamọ́ sí ilé oníyàrá olówó pọ́ọ́kú kan, ẹ̀tàn àìsọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hàn. Obìnrin kan (Rita Gam) ń gbé yàrá òdìkejì. Wọ́n pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n wo ara wọn, wọ́n tún wo ara wọn. Ẹ kú alẹ́ lásán, kò sí! Kò sí ìdí kankan tí àwọn méjèèjì kò fi lè kí ara wọn, àfi pé olùdarí ti búra pé kò sẹ́ni tó máa sọ̀rọ̀. Àlébù tó tún tóbi jù ìyẹn lọ ni pé a kò mọ ohun tó sọ Fields di ọ̀dàlẹ̀. Ṣé owó ni? Ṣé ìgbàgbọ́ òṣèlú ni? Ṣé wọ́n fipá mú un ni? Ojú nìkan kò lè dáhùn ìyẹn.

Orin Herschel Burke Gilbert náà wọ ẹ̀ka orin ní Oscar, síbẹ̀ ó ti pọ̀ jù. Níbi tí ìró ẹsẹ̀ nìkan ì bá ti tó láti dẹ́rù bani, fèrè àti ìlù á tún bọ́ síwájú láti sọ fún wa pé ẹ̀rù ń ba ọkùnrin yìí. Mo fara mọ́ ọn tó bá di Empire State Building, níbi tí agbófinró ti ń lé Fields gòkè kọjá àjà 86 tí àwọn àlejò ti ń wòran, títí dé òkè téńté ilé náà. Wọ́n lọ ya ilé náà fúnra rẹ̀ ni, Sam Leavitt ló di kámẹ́rà mú, òòyì á sì kọ́ yín. N kò ní sọ bó ṣe parí.

Tí ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ̀dà tó dára ni kí ẹ wá, torí òkùnkùn ló kún inú rẹ̀. Nínú ẹ̀dà tí wọ́n ti fún pọ̀ jù, gbogbo ibi dúdú á di eérú, ẹ kò sì ní rí ọwọ́ Fields mọ́. Bí àwòrán ṣe fẹ̀ sí gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.37 sí 1. Tó bá kún gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní, wọ́n ti fà á tàbí kí wọ́n ti gé e. Tí tiyín bá jẹ́ bí ìṣẹ́jú 82 tàbí 83, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èyí tí wọ́n ń sá ní àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan dípò 24. Orin á gòkè díẹ̀, ìrìn á sì yá jù. Ẹ pa ohun tó ń mú kí àwòrán máa yọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n (motion smoothing). Ẹ lo gbohùngbohùn tàbí ìgbọ́hùn etí, kì í ṣe ẹnu fóònù, torí ìró kékeré ló ń gbé ìtàn yìí. Ìwé tí wọ́n bá fi hàn, Gẹ̀ẹ́sì ni, kì í sì í pẹ́ lójú; ẹ dá a dúró kí ẹ kà á. Bí kò bá sí àkọlé ìtumọ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀dà yín kò bàjẹ́, kò sí ohun tí wọn ì bá kọ síbẹ̀ ni.

Ẹni tó máa ń tẹ fóònù bó ṣe ń wo fíìmù kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí etí á gbọ́ kó fi bá a lọ. Bí àkókò yín kò bá tó, ibi tí Fields ti fi Washington sílẹ̀ ni kí ẹ ti sinmi, kí ẹ wo ìyókù lọ́jọ́ mìíràn.