Àgbéyẹ̀wò ohun èlò épée onípele 800 newton: ewu tí ó mú kúrò nínú ìjà idà, àti ohun tí ó bá ewu náà lọ

Àkójọ ohun èlò tí mo ń gbé yẹ̀ wò yìí jẹ́ ti ẹ̀yà eré idà tí à ń pè ní épée: ìbòjú, ẹ̀wù funfun, àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ó ń bo àyà àti abíyá lábẹ́ ẹ̀wù náà, ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo fún ọwọ́ tí ó di idà mú, àti idà oníná. Ìbòjú, ẹ̀wù àti ojú idà náà ní àmì FIE, ìyẹn àjọ àgbáyé tí ó ti ń ṣàkóso eré idà láti ọdún 1913. Mo ti lo gbogbo wọn pẹ́ débi pé mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń bi mí léèrè nípa wọn kì í sábà béèrè bóyá wọ́n dáàbò boni. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tí ó bá fi wọ́n kọ́ eré náà yóò lè fi idà gidi jà. Ìbéèrè méjèèjì ni mo fẹ́ dáhùn pa pọ̀, nítorí pé ewu kan pàtó nínú ìjà gidi ni wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ohun èlò yìí láti mú kúrò, bí ewu náà bá sì ti kúrò, ìwà ẹni tí ń jà kì í dúró bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ìbòjú ni ó ṣe pàtàkì jù. Àwọ̀n irin ni iwájú rẹ̀. Okùn irin kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ tín-ín-rín ju mílímítà 1 lọ, àlàfo àárín wọn kò sì gbọdọ̀ fẹ̀ ju mílímítà 2.1. Aṣọ tí ó rọ̀ sílẹ̀ láti bo ọ̀fun nípọn gan-an: agbára 1600 newton ni ó gbọdọ̀ lè dúró dè kí nǹkan tó gún un já, ìlọ́po méjì ti ẹ̀wù. Kò sí àṣejù nínú rẹ̀ rárá. Ní ọdún 1982, níbi ìdíje àgbáyé ní ìlú Róòmù, idà alátakò ṣẹ́ nígbà tí ó ń bá Vladimir Smirnov figagbága, ọmọ ilẹ̀ Sófíẹ́ẹ̀tì tí ó gba góòlù nínú foil, ẹ̀yà eré idà mìíràn, ní ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1980. Orí idà eré kúńdú lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí ó bá ti ṣẹ́, ibi tí ó ṣẹ́ yẹn ń mú. Òun ni ó la àwọ̀n ìbòjú kọjá, Smirnov sì kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ikú yìí ni ó mú kí wọ́n tún òfin ìbòjú, aṣọ àti irin ojú idà ṣe, títí tí maraging, irin tí kì í tètè sán já, fi di ohun tí wọ́n ń béèrè fún níbi ìdíje ńlá.

Ìbòjú tí mo lò mú orí dáadáa, mo sì ń ríran kedere láti inú rẹ̀, àyàfi ní ẹ̀gbẹ́, níbi tí àwọ̀n náà ti ṣú díẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ̀ ọ́ yóò kíyè sí i pé ẹ̀rù ojú kò ba òun mọ́. Nínú épée, láti orí dé ẹsẹ̀ ni ibi tí a lè gún, ojú náà wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn eléré a máa ti ojú ṣíwájú láìbìkítà, nítorí pé àmì ayò kan péré ni ohun tí wọ́n lè pàdánù. Kò sí ẹni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú lásán níwájú irin mímú.

Ẹ̀wù náà le díẹ̀ ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ó sì ń mú ooru, ṣùgbọ́n ó rọ̀ lẹ́yìn ìfọ̀ díẹ̀. Àwọ̀tẹ́lẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ máa ń fẹ́ fò, èmi kò sì fara mọ́ ọn. Wọn kò rán an ní ojú abíyá, torí pé ojú ibi tí a rán aṣọ ni ó máa ń kọ́kọ́ já, abíyá sì ni idà tó ṣẹ́ lè gbà wọnú àyà. Tí owó kò bá tó, ẹ ra idà tí kò wọ́n, kí ẹ má ṣe fi àwọ̀tẹ́lẹ̀ yìí sílẹ̀.

Idà náà fúyẹ́: òfin sọ pé kò gbọdọ̀ tó gíráàmù 770, gígùn ojú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 90 lọ. Igun mẹ́ta ni ara rẹ̀ ní, kò ní ẹnu tí a fi ń bẹ́ nǹkan, nítorí náà gígún nìkan ni ó wà fún. Ní ṣóńṣó rẹ̀ ni bọ́tìnì kékeré kan wà tí ó ń tan iná nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára tí ó ju ti gíráàmù 750 lọ. Bọ́tìnì ti idà yìí ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, wáyà inú rẹ̀ kò sì tíì já mọ́ mi lọ́wọ́. Ibi bọ́tìnì yìí gan-an ni eré àti ìjà ti pínyà jù lọ. Ẹ̀rọ tí ń ka ìgúnni kì í béèrè bóyá ìgúnni náà wọlé jìnnà. Ó tó kí bọ́tìnì kan ẹ̀yìn ọrùn-ọwọ́ alátakò fẹ́ẹ́rẹ́, nígbà míì lẹ́yìn tí ojú idà ti tẹ̀ bí ọ̀pá ìpẹja. Nínú ìjà gidi, irú ìfarakàn bẹ́ẹ̀ lè má ju kí awọ ara bó díẹ̀ lọ, ẹni tí a gún jinlẹ̀ pàápàá sì ṣì lè gún ẹni tí ó gún un kí ó tó ṣubú. Kò sí rẹfirí tí yóò sọ fún un pé kí ó dúró.

Ọ̀rọ̀ ìgúnni àjọṣe tún lágbára ju ìyẹn lọ. Bí ìgúnni àwọn méjèèjì bá bọ́ sí àárín ìdá kan nínú 25 ìṣẹ́jú-àáyá, iná méjèèjì yóò tàn, olúkúlùkù yóò sì gba àmì kan. Ẹni tí ó ti ń borí pẹ̀lú àmì 14 sí 12 nínú eré tí ó ń parí sí 15 lè mọ̀ọ́mọ̀ wá ìgúnni àjọṣe, kí ó sì fi í borí. Ọgbọ́n eré ni, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní irin mímú ni wọ́n dì mú, òkú méjì ni ì bá kù lórí pápá. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé épée ti pentathlon ìgbàlódé, ìdíje eré márùn-ún tí eré idà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, níbi tí ìgúnni kan ṣoṣo ti ń parí eré, sún mọ́ ìbẹ̀rù àtijọ́ díẹ̀. Láti inú ìjà idà tí ẹni méjì ń bá ara wọn jà nítorí iyì láàárín àwọn ará Faransé ní àwọn ọdún 1800 ni épée ti wá. Wọ́n sábà máa ń parí ìjà náà bí ẹ̀jẹ̀ bá ti jáde, èyí tí ó jẹ́ kí ọwọ́ àti apá jẹ́ ibi tí ó bọ́gbọ́n mu láti gún. Ìbọ̀wọ́ inú àkójọ yìí ń rántí ìyẹn: ó bo nǹkan bí ìdajì apá ìsàlẹ̀, ó sì nípọn níbi tí ó yẹ.

Àwọn òfin tó kù kò sí nínú aṣọ, ṣùgbọ́n wọ́n ń bá a rìn. Orí ilẹ̀ tóóró tí ó gùn ní mítà 14 ni eré ti ń wáyé, wáyà sì so eléré mọ́ ẹ̀rọ láti ẹ̀yìn, nítorí náà kò sí pé à ń yí alátakò po. A kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí i, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ òfìfo di idà rẹ̀ mú, bí ara bá sì ti lẹ̀ mọ́ ara débi pé idà kò ṣeé lò mọ́, rẹfirí yóò dá eré dúró. Àwọn ìwé tí àwọn olùkọ́ idà ní Yúróòpù fi sílẹ̀ láti àwọn ọdún 1400 kún fún gbogbo ohun tí a kà léèwọ̀ yìí: ìjàkadì, gbígbá idà mú, fífi ìdí idà lu ojú.

Nítorí náà, mo gba ẹni tí ó fẹ́ eré idà níyànjú pé kí ó ra àkójọ yìí láìṣiyèméjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yá, ojú rẹ̀ yóò mọ ìwọ̀n jíjìnnà, ọwọ́ rẹ̀ yóò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó nà, àwọn nǹkan wọ̀nyí sì wúlò nínú ìjà èyíkéyìí. Ẹni tí ó bá ń wá ìjà àtijọ́ gan-an nílò idà wíwúwo tí kò mú, ìbọ̀wọ́ líle fún ọwọ́ méjèèjì àti olùkọ́ ìjàkadì. 800 newton kò tó fún irú idà bẹ́ẹ̀, nítorí pé aṣọ yìí ń dá ohun tí ń gúnni dúró, kò lè gba egungun lọ́wọ́ ohun wíwúwo. Kí ẹ tó bọ́ sórí pápá, ẹ yẹ ojú idà wò: bí ó bá ti tẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1, tàbí tí ẹ rí ibi tí ó ti fẹ́ sán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.