Ìwé mẹ́ta Jojo Moyes nípa Lou Clark: ìkejì ni tèmi

Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé ìtàn àròsọ mẹ́ta tí Jojo Moyes, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ: Me Before You (2012), After You (2015) àti Still Me (2018) tán ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, tí iná bá lọ màá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù màá máa kà á lọ. Àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn ń pariwo, pàápàá látìgbà tí wọ́n ti fi ṣe fíìmù ní 2016, àmọ́ ìkejì táwọn ọ̀rẹ́ mi ní ò dùn yẹn gan-an ló wọ̀ mí lára jù.

Lou ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta tíì nílùú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ bọ́, ló bá lọ ń tọ́jú Will, ọmọ olówó tí ọ̀kadà gbá tí ọwọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́. Oṣù mẹ́fà ni ìyá Will gbà á fún. Will ò rọrùn rárá, ẹnu ẹ̀ mú bí abẹ, Lou náà sì ti fi ayé ẹ̀ jókòó sójú kan, ìyẹn ló jẹ́ n gbà pé èèyàn ni wọ́n. Níbi tí Will ti fún un ní ìbọ̀sẹ̀ gígùn onílà dúdú àti yẹ́lò bíi ti oyin lọ́jọ́ ìbí ẹ̀, torí pé Lou ti sọ fún un rí pé òun ní irú ẹ̀ ní kékeré, mo pa ìwé dé mo sunkún.

Nígbà tí fíìmù yẹn jáde, àwọn aláàbọ̀ ara fẹ̀hónú hàn, wọ́n ní ó ń sọ fáráyé pé ikú sàn ju kéèyàn wà lórí kẹ̀kẹ́ lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ibẹ̀ ṣì ń dùn mí.

(Ẹni tí ò bá fẹ́ mọ bó ṣe parí, ẹ fo ibí.) Ẹ̀yìn òkú ni After You ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún kan tí Will kú, ikú tó fúnra ẹ̀ yàn, Lou wà ní London, ó ń ta ọtí ní ẹ́pọ́ọ̀tì, ó já bọ́ látorí òrùlé, ó wá ń lọ jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ bíi tiẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Sam tó jẹ́ òṣìṣẹ́ áńbúláǹsì wọ̀ ọ́ lójú, ẹ̀rù sì ń bà á. Ọdún kẹta rèé tí àfẹ́sọ́nà mi ti ṣaláìsí, ogójì ọjọ́ ò tíì pé tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé mo ṣì kéré, Ọlọ́run á fi èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ rọ́pò. Fìlà ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi, àbẹtí ajá, bó ṣe ká a sílẹ̀ ló ṣe wà, mi ò lè tú u. Nínú ìwé yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín sí ọkùnrin tuntun tó sì ṣì ń dárò ti àtijọ́, lọ́jọ́ kan náà, tí òǹkọ̀wé ò bá a kánjú.

Still Me dáa, New York ló ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ Josh, ọkùnrin tó jọ Will tí Lou pàdé níbẹ̀, ló gùn jù, àmọ́ màmá àgbà tó ń jẹ́ Margot, pẹ̀lú aṣọ àtijọ́ tó kún kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀ àti ajá ẹ̀, mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ọ̀fọ̀ yín ṣì tutù, ẹ má dá ka òpin ìwé àkọ́kọ́ lóru o. Ẹ̀dà After You tèmi ti ń já, sẹ̀lótéèpù ni mo fi lẹ̀ ẹ́, ọwọ́ àbúrò àfẹ́sọ́nà mi, èyí obìnrin, ló wà báyìí, ó fi fóònù pè mí lánàá pé òun ti dé ibi gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn.