Àwọn ará láíbúrérì ìṣègùn wa, mo fún wọn ní stáà mẹ́rin nínú márùn-ún

Tẹ́ ẹ bá ń ṣe systematic review, ìyẹn kéèyàn ṣa gbogbo ìwádìí tó wà lórí ìbéèrè kan jọ kó sì gbé wọn yẹ̀ wò, tẹ́ ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará láíbúrérì ìṣègùn yunifásítì yín, ẹ̀ ń fìyà jẹ ara yín lásán ni. Iṣẹ́ tèmi dá lórí ìtọ́jú fòníkú-fọ̀la-dìde, ìyẹn sickle cell, lára àwọn ọmọdé ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, màmá kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwádìí níbẹ̀ ló bá mi dá sí i.

Wọn ò tiẹ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní kí n sọ ìbéèrè mi, kì í ṣe tópíìkì o, ìbéèrè gan-an: àwọn ọmọ wo, ìtọ́jú wo, kí ni mo fẹ́ fi wé e, kí ni mo fẹ́ mọ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ìgbà tá a yanjú ìyẹn tán ni wọ́n tó ṣí PubMed, ibi tí wọ́n ti ń wá àpilẹ̀kọ ìṣègùn lórí ìńtánẹ́ẹ̀tì. Àkọlé tí wọ́n ń lò nínú MeSH, ìyẹn àkójọ ọ̀rọ̀ tí PubMed fi ń to àpilẹ̀kọ, ni "Anemia, Sickle Cell", ṣùgbọ́n màmá ò dúró síbẹ̀, wọ́n fi "anaemia" táwọn ará Britain ń kọ kún un, wọ́n fi "HbSS", ìyẹn ẹ̀jẹ̀ SS, sí i, wọ́n tún fi "drépanocytose" tí èdè Faransé ń pè é sí i torí bẹ́ẹ̀ làwọn dókítà Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò ṣe ń kọ ọ́, wọ́n wá fi OR, ìyẹn "tàbí", so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló máa rántí ìyẹn láàárín òru?

PubMed nìkan ò sì tó. A wọ Cochrane Library tó ń kó systematic review jọ, a wọ African Journals Online tó ń kó jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ, ibi kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan níbẹ̀, ẹ ò kàn lè kó ti ọ̀kan lọ lẹ̀ mọ́ èkejì. Embase ní tiẹ̀, tóun náà jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń wá àpilẹ̀kọ ìṣègùn, owó gidi ni wọ́n ń gbà lórí ẹ̀, iléèwé wa ò san án. Àwọn àpilẹ̀kọ tí wọ́n ní ká sanwó ká tó kà, Hinari, ètò tí WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé kalẹ̀ ní 2002 fáwọn orílẹ̀-èdè tí ò lówó, la fi rí púpọ̀ nínú wọn. Gbogbo search pátá ni wọ́n kọ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì ẹ̀, torí ó wà lára nǹkan 27 tí PRISMA 2020, ìlànà bí wọ́n ṣe ń kọ systematic review, ní ká kọ síta. Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àpilẹ̀kọ, ni wọ́n fi yọ àwọn tó jáde lẹ́ẹ̀mejì.

Wọn ò ní bá yín ka abstract, ìyẹn àkópọ̀ ṣókí àpilẹ̀kọ, o, iṣẹ́ yín nìyẹn, ẹ gba Rayyan, ètò tí wọ́n fi ń ṣa èyí tó yẹ, kí ẹ̀yin àti ẹnì kejì jókòó tì í.

Kọ́bọ̀ wọn ò gbà. Stáà kan tí mo yọ, torí nẹ́tíwọ̀kì ọ̀sán ni, àti pé màmá yìí nìkan ló ń dá gbogbo fákọ́tì lóhùn, èrò máa ń pọ̀ gan-an. Lójú tèmi sá, ó yẹ kórúkọ wọn wọ pépà náà gẹ́gẹ́ bí òǹkọ̀wé, kì í ṣe ìdí ìwé níbi ọpẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ mú àpilẹ̀kọ méjì mẹ́ta tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ jáde dání, òun ni wọ́n máa fi dán search yín wò.