Láìfù lórí Facebook, YouTube àti TikTok lẹ́ẹ̀kan náà: èwo ni kẹ́ ẹ rà nínú OBS, Restream, StreamYard, vMix àti YoloBox?

Ní Èkó báyìí, kò sí ìnáwó tí wọn ò ní béèrè láìfù. Ìsìnkú ni o, fídáù ni o, ìkómọ ni o, ìsìn ọjọ́ Sunday ni o, àwọn tó ń ta léèsì ní Balógun gan-an ti ń ṣe é. Àmọ́ àwọn tó fẹ́ wò ó ò sí lójú kan: ìyá àgbà wà lórí Facebook, àwọn ọmọ tó wà ní London fẹ́ YouTube kí wọ́n lè gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ ìwòyí ní TikTok làwọn wà. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa wá ohun tí wọ́n á fi gbé fídíò kan ṣoṣo jáde sí gbogbo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á wá máa bi ara wọn pé èwo ni ká rà.

Kẹ́ ẹ tó béèrè orúkọ kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ibo ni wọ́n ti ń pín fídíò náà. Èmi gbà pé ìbéèrè yìí ló ṣe pàtàkì jù, torí òun ló máa sọ iye tí dátà máa gbà lọ́wọ́ yín. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́, kó jẹ́ lápútọ́ọ̀pù yín ló ń pín in, á fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Facebook, á fi ọ̀kan sí YouTube, á fi ọ̀kan síbòmíì. Ìkejì, kẹ́ ẹ fi ẹyọ kan péré ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan, kí sááfà tiwọn (kọ̀ǹpútà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì) lọ́hùn-ún bá yín pín in kiri. Bí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí ni: ẹ lè gbé mọ́tò kẹ́ ẹ máa pín in lójúlé lójúlé láti Ṣómólú dé Àgégé dé Festac, epo tiyín ló ń jó, ẹ sì lè kó gbogbo ẹ̀ fún ẹnì kan kó bá yín pín in, ẹ ó kàn fún un lówó iṣẹ́ ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Fídíò 720p (bí àwòrán ṣe mọ́ tó nìyẹn) tó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ lè fi sí 3,000 kbps, ìyẹn bí dátà tó ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe pọ̀ tó. Ìyẹn máa jẹ dátà bíi 1.35GB ní wákàtí kan. Tó bá jẹ́ lápútọ́ọ̀pù yín ló ń pín in sí ibi mẹ́rin, ó ti di 5.4GB ní wákàtí kan, òde ówàńbẹ̀ oníwákàtí márùn-ún á gba 27GB. Tó bá jẹ́ sááfà ló ń pín in, 6.75GB ni gbogbo wákàtí márààrún máa gbà, ì báà jẹ́ ibi mẹ́wàá lẹ ní kí wọ́n gbé e lọ. Ẹ má sì rò pé owó dátà nìkan ni mò ń wí o, upload, ìyẹn bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ṣe lè yára gbé nǹkan jáde sí, gan-an ni olórí ọ̀rọ̀. Ibi mẹ́rin ní 3,000 kbps túmọ̀ sí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín gbọ́dọ̀ máa gbé 12 Mbps (12,000 kbps) jáde láìsinmi, kó sì ṣẹ́ kù díẹ̀ nílẹ̀ fún ìgbà tó bá rọ̀, ẹ bá mi wá SIM tó ń ṣe ìyẹn láàárín èrò ní Ìdúmọ̀tà lọ́sàn-án Saturday. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe speed test, nọ́ḿbà ńlá tó kọ́kọ́ jáde yẹn, download ni, kò kàn yín, ẹ wo ìkejì.

OBS pẹ̀lú Restream

OBS Studio, ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń gbé láìfù jáde, ọ̀fẹ́ ni, látọdún 2012 ló ti wà, kò sí pé ó máa pàdé yín lọ́nà tó bá yá kó ní kẹ́ ẹ sanwó, kì í sì í fi lógò ẹnikẹ́ni sójú fídíò yín. Àmọ́ bó ṣe wà yẹn, ibì kan ṣoṣo ló ń ránṣẹ́ sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dé ibi púpọ̀, ẹ máa fi plugin kan (ètò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ètò ńlá) kún un, Aitum Multistream tàbí Multiple RTMP Outputs, ọ̀fẹ́ làwọn náà. Wàyí o, orí lápútọ́ọ̀pù yín àti dátà yín ni gbogbo ìpín yẹn dà lé. Tó bá jẹ́ sọ́ọ̀ṣì ní Yábàá tàbí Sùrùlérè lẹ ti ń ṣe é, tí fáíbà wà nílé, tí lápútọ́ọ̀pù náà ní káàdì Nvidia tó ń bá a ṣe encoding (kó fún fídíò náà pọ̀ kó tó jáde), ẹ má wulẹ̀ náwó sórí nǹkan míì. Mo tún fẹ́ràn pé Aitum ní plugin míì tó ń jẹ́ Aitum Vertical, tó máa ń ṣe àwòrán òòró lọ́tọ̀ fún TikTok nígbà tí ti YouTube ṣì wà ní ìbú, kò ní jẹ́ kí orí ìyàwó bọ́ sẹ́yìn fírémù.

Restream ní tiẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń pín in. Ohun tó jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ẹ̀ wò ni pé kò sọ pé kẹ́ ẹ fi OBS sílẹ̀: stream key tiwọn (kóòdù ìkọ̀kọ̀ tó ń sọ ibi tí fídíò máa lọ) lẹ máa fi sínú OBS dípò ti Facebook, ó parí. Ọ̀fẹ́ wọn máa ń gba ibi méjì, lógò wọn á wà lójú fídíò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa o kẹ́ ẹ tó ṣèlérí fún oníbàárà, torí àwọn ibì kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ń sanwó nìkan ni wọ́n ń ṣí i fún. Gbogbo kọ́mẹ́ǹtì láti ibi gbogbo sì máa ń wọlé sójú kan, OBS ò lè ṣe ìyẹn fúnra ẹ̀. Fún ẹni tó ń fi SIM ṣiṣẹ́ káàkiri òde, Restream ni mo fọwọ́ sí, kódà tó bá máa sanwó.

StreamYard

Èyí ò bá àwọn tó kù dọ́gba. Inú browser ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ò ní fi nǹkan kan sórí lápútọ́ọ̀pù, ẹ kàn máa fi líǹkì ránṣẹ́ sí àlejò yín, á tẹ̀ ẹ́, á bọ́ sójú fídíò. Tẹ́ ẹ bá sanwó, èèyàn mẹ́wàá lè wà lójú kan náà. Ẹ lè tẹ kọ́mẹ́ǹtì ẹnì kan kó hàn nísàlẹ̀ fídíò, àwọn èèyàn máa ń dunnú gan-an tí wọ́n bá rí orúkọ wọn. Tó bá jẹ́ ètò ọ̀rọ̀ sísọ lẹ ń ṣe, àsọyé Ramadan, ètò òṣèlú, ẹ̀kọ́ ìlera, tí ẹnì kan wà ní Ìkòròdú tí ẹnì kejì wà ní Houston, mi ò rí èyí tó rọrùn tó o. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà mẹ́ta ní gbọ̀ngàn ayẹyẹ, tẹ́ ẹ ní láti máa yí láti orí oníjó sórí alága ìjókòó, ẹ wá nǹkan míì.

Ti ọ̀fẹ́ ẹ̀ kì í ránṣẹ́ sí ibi púpọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sanwó kó tó ṣe é. Ní 2024 ni ilé iṣẹ́ Ítálì kan tó ń jẹ́ Bending Spoons rà á, torí náà ẹ má fọkàn tán iye tí ọ̀rẹ́ yín sọ fún yín níjọ́sí, ojú sáìtì wọn ni kẹ́ ẹ ti wò ó lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó.

vMix, ATEM àti YoloBox: ti àwọn tó fẹ́ fi ṣiṣẹ́ jẹun

vMix, ètò orí kọ̀ǹpútà bíi OBS, ni ẹ máa bá ní ọ̀pọ̀ sọ́ọ̀ṣì ńlá. Windows nìkan ló ń gbé e, ẹni tó ń lo Mac má yọ ara ẹ lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ń sanwó ẹ̀, kì í ṣe oṣooṣù: Basic HD jẹ́ $60, HD jẹ́ $350, ọdún kan lẹ fi máa gba àtúnṣe tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tẹ́ ẹ ti ní á ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n sì fún yín ní 60 ọjọ́ láti fi dán an wò. Basic HD yẹn, ìwọ̀nba ohun mẹ́rin ló lè gbà wọlé, mẹ́ta nínú ẹ̀ ni kámẹ́rà, ó tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ó lè ránṣẹ́ sí ju ibì kan lọ fúnra ẹ̀, àmọ́ upload yín ló ṣì ń gbé e, ohun tí mo sọ lókè ò yí padà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní Computer Village fi èyí tí wọ́n já kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sórí ẹ̀rọ yín ní ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Fáírọ́ọ̀sì lè bá a wọlé, ó lè kú láàárín ìwàásù, ẹ ò sì ní rí ẹni pè. $60 ò tó owó ọjọ́ iṣẹ́ kan tó bà jẹ́.

Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ gbé lápútọ́ọ̀pù kiri, àpótí ni kẹ́ ẹ rà. ATEM Mini ti Blackmagic ní ojú HDMI mẹ́rin, ibi tí wọ́n ń ki okùn kámẹ́rà bọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o: ATEM Mini lásán ò lè lọ láìfù fúnra ẹ̀, bíi webcam ló ṣe ń ṣe sí lápútọ́ọ̀pù, ATEM Mini Pro ló ń fi okùn íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, òun náà ibì kan ṣoṣo ni. YoloBox Pro gbówó lórí jù ú lọ, àmọ́ ó ní bátìrì, ó ń gba SIM, ó ní ojú tẹ́ ẹ lè máa wò, ó sì ń lọ sí ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìlú tí NEPA lè mú iná lọ nígbà tí ìyàwó ń wọlé, tí ẹni tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ ṣì ń wá kọ́kọ́rọ́, bátìrì yẹn tó ìdí láti rà á. Tẹ́ ẹ bá ti ní in, ẹ fi Restream sínú ẹ̀ kó máa gbé ẹyọ kan péré jáde, kò ní fi SIM yín ṣòfò.

Ohun tí owó yín ò lè rà

Ibí yìí ló máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró lẹ́yìn tí wọ́n ti sanwó tán. Facebook ní kí àkáǹtì yín ti lo 60 ọjọ́, kẹ́ ẹ sì ní follower 100 kẹ́ ẹ tó lọ láìfù. YouTube máa ń gba tó wákàtí 24 kó tó ṣí láìfù fún yín nígbà àkọ́kọ́, tó bá sì jẹ́ orí fóònù lẹ ti fẹ́ ṣe é, subscriber 50. Instagram ń béèrè follower 1,000. TikTok ń béèrè bíi 1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, kẹ́ ẹ sì ti pé ọmọ ọdún 18, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fún ní stream key. Kò sí àpótí kankan lọ́jà tó lè fo èyí.

Ẹ tún mọ̀ pé láti February 2025, 30 ọjọ́ ni Facebook ń fi láìfù pa mọ́ kó tó pa á rẹ́. Tó bá jẹ́ ìsìnkú bàbá ẹnì kan lẹ ṣe, ẹ ṣètò pé YouTube wà nínú ẹ̀, ẹ tún jẹ́ kí OBS tàbí vMix máa gbà á sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ, torí àwọn ọmọ máa padà wá béèrè.

Ti orin náà wà níbẹ̀. DJ á ta orin olórin, Facebook lè pa ohùn ẹ̀, YouTube lè fi àwòrán dí ojú fídíò tàbí kó gé e dànù. Èyí gan-an tún jẹ́ ìdí pàtàkì láti wà níbi púpọ̀: tí wọ́n bá gé ọ̀kan, ẹ kàn máa kọ ọ́ sí kọ́mẹ́ǹtì pé kí àwọn èèyàn bọ́ sí ibì kejì.

Restream, StreamYard àti vMix, owó dọ́là ni wọ́n ń gbà. Ẹ bá báǹkì yín sọ̀rọ̀ bóyá káàdì náírà yín ń kọjá sókè òkun báyìí, àbí kẹ́ ẹ lo káàdì dọ́là orí fóònù. Tí iṣẹ́ yín ò bá dúró sójú kan, ẹ san oṣù kan nígbà tí iṣẹ́ bá wà, kẹ́ ẹ sì dá a dúró. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀dínwó ọdún kan tàn yín.

Ní tèmi o: sọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó ní fáíbà, OBS àti plugin. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àlejò, StreamYard. Oníkámẹ́rà tó ń ti òde kan bọ́ sí òmíì láàárín Mushin sí Ọbáléńdé, OBS tàbí vMix pẹ̀lú Restream tó sanwó ẹ̀, YoloBox tí agbára bá dé. Starlink dáa níbi tí ojú ọ̀run bá ṣí, àmọ́ láàárín àwọn ilé gogoro Ìsàlẹ̀ Èkó, SIM méjì láti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ fi áàpù tó ń jẹ́ Speedify so wọ́n pọ̀, ló sàn jù lójú mi. Kẹ́ ẹ sì lọ síbi tẹ́ ẹ ti máa ṣiṣẹ́ náà ní Saturday tó ṣáájú, ní wákàtí kan náà tí òde máa kún, ẹ ṣe láìfù unlisted kan (tí ẹni tó bá ní líǹkì ẹ̀ nìkan á rí) lórí YouTube fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wá fi èyí tẹ́ ẹ bá rí pinnu iye kbps tẹ́ ẹ máa lò.