Ilé ìfìwéránṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà mi: ọdún kan pẹ̀lú Postfix

Kí dísìkì tí mo ń kó fọ́tò sí tó kú, ó ti ń pariwo fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èmi ni n kò gbọ́. Ìgbà tí omi ti tán lẹ́yìn ẹja ni mo wá ń tú log, àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, wò, mo sì rí i pé smartd, ètò tí ń ṣọ́ ìlera dísìkì, ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé àwọn ibì kan wà lórí dísìkì náà tí kò ṣeé kà mọ́. Backup, ẹ̀dà ìpamọ́ fáìlì mi, tí mo fọkàn sí pé cron, ètò tí ń ṣe iṣẹ́ ní àkókò tí a bá dá fún un, ń bá mi ṣe lóru náà ti ń kùnà láti ìgbà yẹn. Gbogbo àròyé tó ṣe, ìlà kan péré ló já sí nínú log: "No MTA installed, discarding output". Ìyẹn ni pé kò sí akólẹ́tà nílé, nítorí náà wọ́n ti da ọ̀rọ̀ nù.

Dà á nù! Ó dùn mí ju dísìkì lọ.

Postfix, ọ̀kan nínú àwọn akólẹ́tà bẹ́ẹ̀, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí òun ni mo gbé sórí Debian, irú Linux tí mo ń lò, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti pé ọdún kan báyìí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì o. Iṣẹ́ tí mo gbà á fún kò ju kó máa gba lẹ́tà lọ́wọ́ àwọn ètò inú kọ̀ǹpútà, kó sì máa fi í sínú àpótí lẹ́tà mi nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Nígbà tí mo sọ fún àbúrò mi, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. "Ẹ̀gbọ́n, àwa méjì péré là ń lo kọ̀ǹpútà yìí. Ta lẹ fẹ́ máa kọ lẹ́tà sí? Ṣé a ò ríra sọ̀rọ̀ ni?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ni pé Linux jogún àṣà Unix, Unix sì jẹ́ ti ayé tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan, tí wọ́n sì ń kọ lẹ́tà síra wọn nínú rẹ̀ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó gbilẹ̀. Títí dòní, cron, sudo tí ń jẹ́ kí èèyàn fi àṣẹ alábòójútó ṣiṣẹ́, smartd, àti mdadm tí ń ṣọ́ àwọn dísìkì tí a so pọ̀, gbogbo wọn ló gbà pé akólẹ́tà wà nílé. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sí root, ìyẹn alábòójútó kọ̀ǹpútà, tàbí sí ẹni tó ni iṣẹ́ náà, bó pẹ́ bó yá, ọwọ́ /usr/sbin/sendmail ni yóò já sí. Orúkọ yẹn jẹ́ ti Sendmail tí Eric Allman kọ ní Berkeley, ṣùgbọ́n àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ò yí i padà, kí àwọn ètò àtijọ́ má baà ṣìnà. Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, wọn kì í fi akólẹ́tà kankan sí i mọ́. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ti wó, àwọn èèyàn ṣì ń kọ lẹ́tà.

Mo ti yẹ mẹ́ta wò kí n tó dé ọ̀dọ̀ Postfix. msmtp kì í fi lẹ́tà jíṣẹ́ nínú ilé, ìta ló ń gbé e lọ, ìyẹn ò bá tèmi mu. dma kéré, ó mọ́ níwọ̀n, kì í jókòó ti èèyàn. Bí iṣẹ́ bá dé ló ń jí. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní bá ẹni tó bá dúró síbẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kì í tẹ́tí sí port 25, ẹnu ọ̀nà tí lẹ́tà ń gbà wọ kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ mo ní ètò kan tí kò mọ ọ̀nà mìíràn tó lè gbà fi lẹ́tà ránṣẹ́. Exim, tí Philip Hazel bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge ní 1995, ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo gbé e dé. Ìgbà tí mo ṣí fódà ìṣètò rẹ̀ lórí Debian, tí mo rí fáìlì wẹ́wẹ́ tó tò bẹẹrẹ, mo rọra tì í padà.

Wietse Venema ló kọ Postfix nígbà tó wà ní IBM, ó sì jáde fún aráyé ní 1998. Ètò kéékèèké ló pọ̀ nínú rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀: pickup ń kó lẹ́tà tí wọ́n jù sílẹ̀, cleanup ń tún orí rẹ̀ ṣe, qmgr ń tò ó sórí ìlà, local ń gbé e délé. Mo ń sọ èyí torí pé log rẹ̀ ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí lẹ́tà bá sọnù, ẹ ó mọ ọwọ́ ẹni tó ti bọ́.

Gbígbé e kalẹ̀ kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ tẹ apt install postfix, ojú ewé kan á yọ, á bi yín pé irú èwo lẹ fẹ́ nínú márùn-ún. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́kọ́ ṣi ẹsẹ̀ gbé. Mo rí Internet Site, mo ní kò burú, kọ̀ǹpútà mi ṣáà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àṣìṣe ńlá. Ẹni tó fẹ́ kí aráyé máa kọ̀wé sí òun tààrà ló wà fún, ó sì ń ṣílẹ̀kùn port 25 fún ẹnikẹ́ni tó bá lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ti dí ọ̀nà port 25 mọ́ àwọn oníbàárà inú ilé nítorí àwọn tí ń fọ́n lẹ́tà ìjẹkújẹ ká. Lẹ́tà ìdánwò tí mo fi ránṣẹ́ síta jókòó sórí ìlà, Postfix ń gbìyànjú, ó tún ń gbìyànjú. Bí a kò bá dá a dúró, ọjọ́ márùn-ún ni yóò fi máa ṣe bẹ́ẹ̀ kó tó sọ̀rètí nù. Mo pa á rẹ́, mo fi dpkg-reconfigure postfix pe ojú ewé náà padà, mo mú Local only.

Local only lẹ fẹ́. Yóò kọ inet_interfaces = loopback-only sínú /etc/postfix/main.cf, fáìlì ìṣètò rẹ̀, yóò sì sọ default_transport di error. Ti àkọ́kọ́ ní kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi àwọn ará ilé. Ìkejì ní kí lẹ́tà kankan má jáde. Mo tẹ ss -ltn láti fi ojú ara mi rí i, 127.0.0.1:25, tó jẹ́ ti inú ilé nìkan, ló yọ, kì í ṣe 0.0.0.0 tó ṣí sí ìta. Ọkàn mi balẹ̀.

Postfix kì í gbé ohun tí a ó fi ka lẹ́tà dání, nítorí náà mo fi bsd-mailx kún un. Mo kọ ìlà kan, mo darí rẹ̀ sí mail -s idanwo root. Log ní status=sent. Mo dúró, dúró, n kò rí nǹkan kan. Àṣé inú /var/mail/root ni lẹ́tà náà wọ̀ sí, èmi kì í sì í wọlé gẹ́gẹ́ bíi root. Ẹ kọ "root: " àti orúkọ tí ẹ fi ń wọlé sínú /etc/aliases, kí ẹ sì tẹ newaliases lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má fo newaliases o, torí kì í ṣe fáìlì tí ẹ kọ yẹn ni Postfix ń kà bí kò ṣe èyí tí newaliases ń ṣe jáde láti inú rẹ̀. Mo tún ìdánwò náà ṣe, mo tẹ Enter lórí tẹ́míná, bash, ètò tí ń gba àṣẹ níbẹ̀, sì sọ fún mi pé "You have new mail". Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

N kò jẹ́ kó mọ síbẹ̀. Fáìlì gbọọrọ kan ni wọ́n ń to gbogbo lẹ́tà sí nínú /var/mail, èmi sì fẹ́ Maildir, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan jẹ́ fáìlì tirẹ̀ nínú fódà mi. Mo kọ home_mailbox = Maildir. Postfix ṣe ohun tí mo sọ gẹ́lẹ́: ó dá fáìlì kan tó ń jẹ́ Maildir, ó sì ń to lẹ́tà sínú rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìlà dídagun tó yẹ kó kẹ́yìn, Maildir/, ló sọ ọ́ di fódà. Nígbà tí mo tún un ṣe tán, bash ò sọ̀rọ̀ mọ́, torí /var/mail ló ń wò. Mo ń fi mutt -f ~/Maildir ka lẹ́tà mi fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà mo padà sí ti àtijọ́. Lẹ́tà mẹ́ta lọ́sẹ̀ kò tó ohun tí a ń kọ́ fódà fún.

Èyí tó fẹ́ mú mi pa Postfix tì ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹrin. Mo yí orúkọ kọ̀ǹpútà náà padà. Mo yí i nínú /etc/hostname, mo yí i nínú /etc/mailname, mo ní iṣẹ́ parí. Láti ọjọ́ náà, kẹ́kẹ́ pa mọ́ àpótí lẹ́tà mi lẹ́nu. N kò fura, torí kò sí lẹ́tà túmọ̀ sí kò sí wàhálà, àbí? Ìgbà tí lẹ́tà backup tó máa ń dé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú kò dé lẹ́ẹ̀mejì ni mo tó dìde jókòó. Mo tú main.cf láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo tún Postfix dá sílẹ̀, mo fura sí cron, mo fura sí bsd-mailx. Àìgbọ́fá là ń wòkè. Inú log ni ìdáhùn wà: status=bounced, ìyẹn ni pé wọ́n ti dá lẹ́tà padà, ní gbogbo ọ̀nà.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí root lásán, Postfix á fi orúkọ inú /etc/mailname parí àdírẹ́sì rẹ̀. Lẹ́yìn náà á wo mydestination nínú main.cf, bóyá orúkọ náà jẹ́ ti ilé yìí. Orúkọ àtijọ́ ṣì ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà kọ̀ǹpútà mi ka ara rẹ̀ sí àlejò, àlejò sì rèé, mo ti ní lẹ́tà kankan ò gbọdọ̀ jáde lọ bá a. Postfix fẹ́ dá lẹ́tà padà fún ẹni tó kọ ọ́, àdírẹ́sì ẹni yẹn náà ti di ti ìta. Lẹ́tà ò lọ, ìkìlọ̀ pé lẹ́tà ò lọ náà ò lọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo yí padà nínú mydestination, mo tẹ postfix reload, gbogbo nǹkan bọ̀ sípò. Ohun tó wá bí mi nínú ni pé mo gbé ètò yìí wọlé kí n má baà tún ṣe aláìgbọ́, òun fúnra rẹ̀ tún wá dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, mo ní kí cron máa kọ̀wé sí mi láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó kàn sọ pé òun wà níbẹ̀. Bí n kò bá rí i, mo ti mọ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún òdìkejì rẹ̀. Mo kọ iṣẹ́ kan tí ń ṣiṣẹ́ níṣẹ̀ẹ́jú-níṣẹ̀ẹ́jú sínú crontab, àkọsílẹ̀ iṣẹ́ cron, mo gbàgbé pé ó ń tẹ ìlà kan jáde. Lẹ́tà 1,440 ló wà nínú àpótí mi lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi >/dev/null sí i kó lè da ìlà náà nù, kí ẹ sì dúró síbẹ̀; ẹ má fi 2>&1, tí ń da àṣìṣe pàápàá nù, kún un bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dà á kọ, torí àṣìṣe gan-an lẹ fẹ́ kí ó máa kọ̀wé sí yín. Fún smartd, ẹ fi -M test sí ìlà rẹ̀ nínú /etc/smartd.conf lẹ́ẹ̀kan, yóò fi lẹ́tà ìdánwò ránṣẹ́ bí ó bá ti ń dìde. Ẹ yọ ọ́ kúrò bí lẹ́tà náà bá ti dé.

Ẹ̀sùn mi kù méjì. Iṣẹ́ tí mo kó kúrò lọ́wọ́ cron sí ọwọ́ àwọn timer ti systemd, ètò tí ń darí àwọn iṣẹ́ inú Linux, kì í kọ lẹ́tà kankan; èèyàn ní láti fi OnFailure= so iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ̀bi Postfix kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ń dín ìwúlò rẹ̀ kù lójoojúmọ́. Ìkejì, àwọn ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ kún, wọ́n péye, àmọ́ ẹni tí ń bójú tó sáfà ńlá ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan nílé á ka ojú ewé mẹ́wàá kó tó rí ìlà méjì tó kàn án. postconf -n ló gbà mí, torí ohun tí a ti yàn fúnra wa nìkan ló ń fi hàn, tèmi kò sì kún ojú kọ̀ǹpútà tán.

Bí a bá ní kí n fún un ní máàkì, 4 nínú 5 ni. Bí cron àti smartd nìkan ló ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ, dma tó. Bí ètò yín kan bá ń wá port 25, tàbí tí ẹ bá jẹ́ irú mi tó fẹ́ mọ ọwọ́ ẹni tí lẹ́tà ti bọ́, ẹ gbé Postfix.

Lóṣù tó kọjá, lẹ́tà kan wọlé tí àkòrí rẹ̀ ní SECURITY information. Àbúrò mi fẹ́ fi sudo ṣe nǹkan kan láti orí account tirẹ̀, n kò sì tí ì fún un láṣẹ. Sudo ti kìlọ̀ fún un pé "This incident will be reported", ó rò pé ìhàlẹ̀ lásán ni. Mo pè é, mo ka ọjọ́, aago àti àṣẹ tó tẹ̀ sí i létí, ọ̀rọ̀ kan ò yẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín?"

Mo ní lẹ́tà ni wọ́n kọ sí mi.