Mọ́tò tó ń gbóná láì tíì lọ àgbàdo: bí mo ṣe ń fi FEMM wá ibi tí iná ń ṣòfò sí

Mọ́tò iná 7.5 kW kan ni wọ́n gbé wá bá mi láti ilé ìlọ oúnjẹ adìyẹ kan ní Ìbàdàn. Ẹlòmíràn ti tún wáyà rẹ̀ wé kó tó dé ọwọ́ mi. Ìyá tó ni ilé ìlọ náà ní, "Ẹnjiníà, ó ń gbóná bí ààrò, a ò sì tíì da àgbàdo kankan sí i." Mo tàn án, mo gbọ́wọ́ lé e, kíá ni mo gbé ọwọ́ kúrò.

Ooru yẹn, iná tí ìyá ń sanwó rẹ̀ ni. Ó lè ti inú wáyà bàbà wá, ó lè ti inú irin tí wọ́n wé wáyà náà sí wá, ó sì lè jẹ́ bẹ́ríǹgì àti fáànù ẹ̀yìn ló ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ kò lè sọ èwo ni. Kí ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí lè mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti tó: ní ìlànà IEC, àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà ohun èlò iná kalẹ̀, tó ń fi IE pín mọ́tò sí ìpele bí wọn kì í ti í fi iná ṣòfò sí, mọ́tò 7.5 kW oní-póólù mẹ́rin (ojú òòfà mẹ́rin) tó wà ní ìpele IE1 ń sọ ìdá 86 nínú 100 iná tó gbà di iṣẹ́, ti IE3 ń dé 90.4. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ dójú àmì, ti IE1 ń fi nǹkan bí 1,220 wáàtì ṣòfò, ti IE3 ń fi nǹkan bí 800 ṣòfò. Ohun tó wà láàárín wọn, bí ìgbà tí fáànù mẹ́fà ń yí nínú yàrá tí kò sẹ́ni níbẹ̀ ni.

Èyí ló gbé mi dé ìdí FEMM, mo sì ti lò ó fún ọdún méjì báyìí. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò òòfà, tí David Meeker kọ, ni, ọ̀fẹ́ sì ni. Orí Windows ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń lo Linux máa ń gbé e gba orí Wine. Láptọ́ọ̀pù àlòkù mi tí RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB ń gbé e láìmí hẹlẹ, kò sì bèèrè dátà lẹ́yìn tí mo ti gbà á wálẹ̀ tán. Máàkì 8 nínú 10 ni mo fún un. Ẹ óò rí ìdí méjì tí mo yọ níwájú.

FEMM ń wo mọ́tò bí ìgbà tí a gé e lábẹ́ ọ̀bẹ, bí a ti ń gé àlùbọ́sà. Ẹ ó ya ojú ibi gígé náà, ẹ ó sọ fún un pé irin rèé, bàbà rèé, afẹ́fẹ́ rèé, ẹ ó sọ iye kọ́rẹ́ǹtì, òun náà á ta àwọ̀n onígun mẹ́ta wẹẹrẹ sórí gbogbo rẹ̀, á ṣírò agbára òòfà inú ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Sítétọ̀ (apá tó dúró sójú kan) mọ́tò oní-póólù mẹ́rin yìí ní ihò 36, rótọ̀ rẹ̀ (apá tó ń yí) ní 28, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni mo yà, ihò 9 àti 7, mo sì sọ fún un pé èyí tó tẹ̀ lé e jọ ọ́, àfi pé òòfà rẹ̀ kọjú sí òdìkejì. Ibi tó gba sùúrù jù ni àlàfo afẹ́fẹ́ láàárín rótọ̀ àti sítétọ̀, tí kò tó ìdajì mìlímítà. Bí àwọ̀n ibẹ̀ bá fẹ̀ jù, ìdáhùn á máa fò sókè sódò. Mo máa ń to àwọ̀n ibẹ̀ ní ìpele mẹ́ta, ó kéré tán. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ya ti àkọ́kọ́. Nísinsìnyí, Lua, èdè kékeré tó wà nínú rẹ̀, ló ń bá mi yà á.

Nígbà tí mo tú wáyà mọ́tò ìyá, yíyí 25 ni mo kà nínú kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan. Ìyá ní ìkejì rẹ̀ nílé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, ó ti jóná ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò tíì tú u rí. Mo tú ìyẹn náà: 28. Ẹni tó wé ti àkọ́kọ́ ti yọ yíyí mẹ́ta, bóyá kí wáyà lè wọ ihò wẹ́rẹ́. Bí yíyí bá dín tí fọ́ltéèjì ò sì yí padà, òòfà gbọ́dọ̀ lé sí i, 28 sórí 25 sì jẹ́ ìdá 12 nínú 100. Mo ya méjèèjì. Nínú ti 28, eyín irin tó wà láàárín àwọn ihò wà ní nǹkan bí 1.6 tesla (ohun tí a fi ń wọn bí òòfà ti le tó), nínú ti 25, ó ti sún mọ́ 1.8, gbogbo eyín náà sì di àwọ̀ àlùkò lójú kọ̀ǹpútà. Irin tó ti yó òòfà dé ibẹ̀ kì í gbà sí i wẹ́rẹ́. Àfi kí kọ́rẹ́ǹtì fò sókè. Àdánù inú irin fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lé sí i, ti inú bàbà tún lé ju bẹ́ẹ̀ lọ, mọ́tò ò sì tíì ṣe iṣẹ́ kankan. Mo fi àwòrán méjèèjì han ìyá. "Ṣé yíyí mẹ́ta péré ló fa gbogbo èyí?" Yíyí mẹ́ta péré ni, mà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi, torí ó jẹ ọ̀sẹ̀ kan mi. Òòfà sítétọ̀ ń yí ní ìgbà 1,500 ní ìṣẹ́jú kan, rótọ̀ ń tẹ̀ lé e ní 1,440. Ìyàtọ̀ yẹn, ìdá 4 nínú 100, nìkan ni rótọ̀ ń rí: nínú 50 Hz (ìgbà 50 tí iná ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 2 Hz péré. FEMM kì í gba ìwọ̀n méjì pọ̀ nínú ìṣirò kan, nítorí náà 2 Hz ni mo fún un, kí ti àwọn ọ̀pá rótọ̀ lè tọ́. Ó tọ́ lóòótọ́. Mo wá bèèrè àdánù irin sítétọ̀ nínú ìṣirò kan náà, ó fún mi ní iye kékeré, inú mi dùn. Nígbà tí mo so mítà wáàtì mọ́ mọ́tò, ó takò mí. Irin sítétọ̀ kò mọ 2 Hz rárá. 50 Hz ló ń jẹ. Ìṣirò ọ̀tọ̀ ló yẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, mo máa ń kó iye òòfà inú ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan jáde sínú Octave, ètò ìṣirò mìíràn, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣírò ti irin. Apá kan ni agbára tí irin ń jẹ bí òòfà ti ń yí i lójú padà léraléra; Charles Steinmetz gbé fọ́múlà kalẹ̀ fún un ní 1892, ó gbé iye òòfà sí ìpele 1.6 (òòfà^1.6). Apá kejì ni kọ́rẹ́ǹtì tó ń pòòyì nínú irin fúnra rẹ̀. Bí pẹlẹbẹ irin bá nípọn ní ìlọ́po méjì, ìyẹn á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń to pẹlẹbẹ tín-ín-rín bíi 0.5 mm jọ, tí wọ́n sì ń kun ojú wọn kí iná má baà gba ara wọn kọjá. FEMM gbà pé ohun tí wọ́n kùn náà ṣì wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fi iná gáàsì jó wáyà àtijọ́ kúrò títí irin fi pọ́n, ètò yìí kò lè mọ̀. Ẹgbẹ́ EASA, tí í ṣe ti àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe, ní kí irin má gbóná ju 370°C lọ nígbà tí wọ́n bá ń sun ún. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní ohun tí a fi ń wọn ooru náà.

Máàkì àkọ́kọ́ tí mo yọ ni pé ojú ibi gígé nìkan ló ń wò, kò rí orí wáyà tó yọ síta lẹ́yìn irin. Nínú mọ́tò báyìí, bàbà tó wà níbẹ̀ lè tó ìdajì gbogbo rẹ̀. Okùn ni mo fi ń wọn gígùn rẹ̀, kí n tó fi kún ìṣirò lọ́wọ́ ara mi. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti òrùka tó so àwọn ọ̀pá rótọ̀ pọ̀. Ìkejì, kì í jẹ́ kí rótọ̀ máa yí bí àkókò ti ń lọ. Ẹ̀yin lẹ ó máa yí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa ṣírò lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má sì gbàgbé ooru: bàbà tí ẹ wọn rẹsísítánsì rẹ̀ láàárọ̀ ní 28°C, ìdá 27 nínú 100 ni yóò fi lé sí i tí ó bá dé 100°C.

Bẹ́ríǹgì àti fáànù kò sí nínú rẹ̀. Ìlànà IEC 60034-2-1 ni mo ń tẹ̀ lé fún ìyẹn: mọ́tò á máa yí lófìfo, màá máa dín fọ́ltéèjì kù, màá yọ ti bàbà kúrò, màá wá fa ìlà náà dé ibi tí fọ́ltéèjì ti di òdo. Wáàtì tó bá kù níbẹ̀ ni tiwọn.

Mo ti fi yẹ jẹnẹrétọ̀ wò náà. Yálà gílóòbù kan lẹ tàn tàbí ogún, àdánù inú irin rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀, torí fọ́ltéèjì ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ńlá tan gílóòbù kan mọ́jú ń ra epo fún irin.

Yíyí 28 la dá padà sínú mọ́tò ìyá. A jẹ́ kó yí lófìfo fún wákàtí kan, mo gbọ́wọ́ lé e, ọwọ́ dúró. Ìyá náà wá gbọ́wọ́ tirẹ̀ lé e. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la wé ìkejì.