Ìgbèjà Walter White àti Ìgbèjà Tony Soprano

Ìdí tí Walter White, olùkọ́ kẹ́mísírì inú eré tẹlifíṣọ̀n Breaking Bad (2008 sí 2013), fi ń ṣe oògùn olóró ni àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ fi ń gbèjà rẹ̀: àrùn jẹjẹrẹ ń bá a jà, ó sì fẹ́ fi owó sílẹ̀ fún ìdílé rẹ̀. Àwíjàre yìí kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lójú tèmi, nítorí pé ní apá ìkẹyìn, Walter fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún Skyler, ìyàwó rẹ̀, pé nítorí ara òun ni òun ṣe é. Ohun tó dùn mí jù ni pé Skyler tó ta ko ìwà ọ̀daràn ọkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran kórìíra, débi pé Anna Gunn tó kó ipa náà kọ àpilẹ̀kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn New York Times ní 2013.

Ti Tony Soprano, ọ̀gá ọ̀daràn inú eré tẹlifíṣọ̀n The Sopranos (1999 sí 2007), yàtọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ gbà pé apànìyàn ni, ṣùgbọ́n ìjókòó rẹ̀ lọ́dọ̀ Dókítà Melfi, oníṣègùn ọpọlọ tó ń tọ́jú rẹ̀, jẹ́ kí wọ́n rí ìbẹ̀rù inú rẹ̀. Èyí ni mo fara mọ́, nítorí pé kò béèrè pé kí a gbé ẹ̀bi Tony lé ìyàwó rẹ̀ lórí.